Ìfura àti Ìdánilójú: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Rayna Rapp láti Bolingbrook

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kíláàsì Yorùbá ọdún kìíní ni mo ti kọ́ òwe yìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo gba máàkì lórí rẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọdún 2016 ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, nínú yàrá dókítà kan ní Bolingbrook, ìlú tó wà lápá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Chicago lójú ọ̀nà I-55. Lọ́jọ́ náà, ẹnu èmi fúnra mi ni ẹyin ti já bọ́.

Àbúrò ìyá mi ló lóyún. Ọmọ ọdún 38 ni àǹtí mi nígbà náà, wọn kò sì tíì lo ọdún méjì ní Amẹ́ríkà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Gẹ̀ẹ́sì wọn tó wọn lò lọ́jà àti níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì dókítà, ìyẹn tún yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ní àwọn lè pe ògbufọ̀ Yorùbá lórí fóònù. Àǹtí mi kọ̀. Wọ́n ní Yorùbá tó wà ní agbègbè Chicago kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó máa gbé fóònù náà mọ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa? Wọ́n ní, "Ìwọ ni kí o bá mi sọ ọ́. Ṣebí o ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì?" Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni dókítà fẹ́ sọ. Ó ní àyẹ̀wò náà jẹ́ "screen positive" fún Down syndrome, ó ní "risk" rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 120. Àǹtí mi wò mí lójú.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Àǹtí, wọ́n ní àyẹ̀wò yẹn ti fi hàn pé ọmọ náà ní àìsàn kan. Wọ́n ní ewu wà."

Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà tún sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò mìíràn tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe, mo túmọ̀ ìyẹn náà. Àǹtí mi ní kò sẹ́ni tó máa fi abẹ́rẹ́ kan ọmọ àwọn, wọ́n gbé báàgì wọn, a jáde. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ààwẹ̀ àti àdúrà ni. Ọmọ náà dé láyọ̀, kò sì ní Down syndrome. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àǹtí mi gba maikirofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, "Dókítà ní ọmọ mi kò pé, Ọlọ́run ní irọ́ ni!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Ìdílé kan tí ọmọkùnrin wọn ní Down syndrome ló jókòó síwájú mi lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo wa. Mi ò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Nítorí èyí, nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú ìwé kan tó kan èdè àti ìlera, kí a sì fi ojú Yorùbá wò ó, mo ti mọ èyí tí màá mú: *Testing Women, Testing the Fetus*, tí Rayna Rapp kọ, tí Routledge sì tẹ̀ jáde ní 1999. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ. Ǹjẹ́ ìwé yìí lè ran ẹni tó bá wà nípò tí mo wà lọ́jọ́ yẹn lọ́wọ́? Èrò mi ni pé ó lè ràn án lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ku ibi mélòó kan tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ parí fúnra wa.

Ohun tó wà nínú ìwé náà

Onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà ni Rapp, New York University ló sì ti kọ́ni. Ní 1983, òun fúnra rẹ̀ lóyún, ó sì ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní amniocentesis. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ọmọ inú rẹ̀ ní Down syndrome, òun àti ọkọ rẹ̀ sì pinnu láti ṣẹ́ oyún náà. Kò fi èyí pa mọ́ fún òǹkàwé. Inú ìrora yẹn ni ìwádìí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún nílùú New York.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, amniocentesis ni kí dókítà fi síkáànì wo ibi tí ọmọ wà, kí ó fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ikùn ìyá, kí ó sì fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ ká. Láti ọ̀sẹ̀ 15 oyún ni wọ́n máa ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ wà nínú omi náà, wọ́n á sì ka chromosome tó wà nínú wọn. Chromosome ni okùn tín-ín-tín tó ń gbé àbùdá òbí wọ ara ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 46. Ẹni tó ní Down syndrome ní ẹ̀dà kẹta ti chromosome 21, èyí tó sábà máa ń sọ iye tirẹ̀ di 47. Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló kéde èyí ní 1959.

Rapp jókòó ti àwọn olùdámọ̀ràn nígbà tí wọ́n ń bá aboyún sọ̀rọ̀. Ó bá àwọn obìnrin délé. Ó wọ yàrá ìwádìí níbi tí wọ́n ti ń ka chromosome, ó sì rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni níbẹ̀ náà, pé ojú ni wọ́n fi ń wò ó, pé wọ́n máa ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí. Ó tún lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó ń tọ́ ọmọ tó ní Down syndrome. Nínú àwọn obìnrin tó bá sọ̀rọ̀, funfun wà, dúdú wà, àwọn ará Haiti àti àwọn tó ń sọ Spanish wà, olówó wà, mẹ̀kúnnù wà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni pé Rapp kò ka ẹni tó kọ àyẹ̀wò sí òpè. Odindi orí kan ló fún àwọn tó kọ̀. Ẹnì kan kọ̀ nítorí ẹ̀sìn, ẹnì kan nítorí ìbẹ̀rù pé oyún lè bàjẹ́, ẹnì kan nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé ilé ìwòsàn. Ìdí wà nínú ọ̀rọ̀ kálukú. Bákan náà, kò ka ẹni tó ṣe àyẹ̀wò tó sì ṣẹ́yún sí ọ̀dájú. Ó pe gbogbo wọn ní aṣáájú, torí pé wọ́n dé oríta tí ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn kò dé rí, kò sì sí àgbà tó lè sọ fún wọn pé, "Bí àwa ṣe ṣe é nìyí." Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rántí bí àǹtí mi ṣe gbé báàgì wọn. Èmi ti rò pé ìgbónára ni. Rapp jẹ́ kí n rí i pé ìpinnu ni.

Àyẹ̀wò wo la ń wí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí jù ni orí tó dá lé bí wọ́n ṣe ń sọ nọ́ńbà fún aboyún. Rapp fi hàn pé nọ́ńbà kan náà lè jáde lẹ́nu olùdámọ̀ràn, kí ó sì di nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní etí tó gbọ́ ọ. Ó kíyè sí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èdè náà, pàápàá Spanish àti Creole ti Haiti. Ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́ níbẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Nínú ìwé náà, ògbufọ̀ dà bí afárá tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá. Èmi ti jẹ́ afárá yẹn rí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í kọjá lórí rẹ̀ láìyí padà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ní "screening", ó tún ní "diagnosis". Àwa ní "àyẹ̀wò" fún méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Irú kìíní kì í sọ pé ọmọ ní Down syndrome tàbí kò ní in. Ohun tó ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó. Èyí tó lo síkáànì láti wọn omi ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wà ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13. Èyí tó ń wo ohun mẹ́rin nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 15. Ìyẹn ni àǹtí mi ṣe. Kò sí èyí tó lè ba oyún jẹ́ nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ àti síkáànì lásán ni.

Irú kejì ló ń sọ ọ́ gan-an. Amniocentesis wà níbẹ̀, èkejì rẹ̀ sì ni kí wọ́n mú díẹ̀ lára ibi ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 13, èyí tí wọ́n ń pè ní CVS. Chromosome fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ó lè fa kí oyún bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Ní àkókò Rapp, nǹkan bí 1 nínú 200 tàbí 300 ni wọ́n máa ń sọ fún aboyún. Ìṣirò òde òní sọ ọ́ di nǹkan bí 1 sí 3 nínú 1,000.

Ọ̀rọ̀ kejì tó gbé mi ṣubú ni "positive". Ní Yorùbá ojoojúmọ́, ẹni tó gbọ́ "positive" lè rò pé nǹkan rere ni. Ẹlòmíràn á rántí àyẹ̀wò kòkòrò HIV, á sì gbọ́ ọ bí ẹjọ́ tí wọ́n ti dá. Bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí nínú yàrá yẹn ni pé nọ́ńbà àǹtí mi ti kọjá ààlà tí ilé ìwádìí fà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí fa ààlà náà sí 1 nínú 270. 1 nínú 120 ju ìyẹn lọ, ó sì di "positive". Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni "risk". Mo ní "ewu". Ewu ni ti ejò, ti iná, ti ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Ẹni tí a bá sọ fún pé ewu wà lórí ọmọ rẹ̀ kò ní béèrè pé mélòó ni, àdúrà ni yóò gbà. Ìbá ṣe pé mo sọ ọ́ báyìí: "Àǹtí, bí a bá kó 120 aboyún jọ tí àbájáde wọn rí bíi tiyín, ọ̀kan ni ọmọ rẹ̀ máa ní in, 119 ni ọmọ wọn kò ní ní in." Èyí kò le láti sọ. Ọmọ ọdún kìíní ní kíláàsì Yorùbá lè sọ ọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé èmi fúnra mi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá wo ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n dókítà kò sọ pé ọmọ kò pé. Èmi ni mo sọ ọ́. Orí àṣìṣe mi ni wọ́n kọ́ ẹ̀rí náà lé, ẹ̀rí náà sì lọ bá ìyá tó jókòó síwájú mi, bí ẹni pé ó ku ohun kan tí wọn kò ṣe kí ọmọ wọn tó dé.

Ohun tí àkókò ti yí padà

Ìwé 1999 ni ìwé Rapp, a kò sì lè dá a lẹ́bi pé kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kà á lónìí gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀. Nígbà náà, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pààlà. Obìnrin tó bá ti pé ọdún 35 ni wọ́n máa ń fi amniocentesis lọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣírò pé rírí Down syndrome àti pípàdánù oyún nítorí abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 2007, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, ACOG, ní kí wọ́n máa fi àyẹ̀wò lọ gbogbo aboyún, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Ní òpin 2011, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun dé ọjà. Láti ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ní apá ìyá, wọ́n á sì ka àwọn ègé DNA tó ń léfòó nínú rẹ̀. Ó ń rí nǹkan bí 99 nínú 100 oyún tó ní Down syndrome. Ní 2020, ACOG ní kí ó wà fún gbogbo aboyún tó bá fẹ́ ẹ. Nítorí pé ó dára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú kejì ni. Irọ́ ni o. Irú kìíní ni síbẹ̀. Ara ibi ọmọ ni ègé DNA yẹn ti wá, kì í ṣe ara ọmọ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì kì í sì í bára mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní 10,000 aboyún ọlọ́dún 25 ṣe àyẹ̀wò yìí. Nǹkan bí 10 nínú wọn ló gbé ọmọ tó ní Down syndrome, àyẹ̀wò á sì rí wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣi 1 mú nínú 1,000, ó tún máa mú nǹkan bí 10 mìíràn tí ọmọ wọn kò ní in. Nínú 20 tí wọ́n sọ fún pé "positive", ìdajì ni kò rí bẹ́ẹ̀! Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́dún 40, iye tó gbé e gan-an pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà "positive" tiwọn sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Àyẹ̀wò kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin 2022, FDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe fi àbájáde irú àyẹ̀wò yìí nìkan ṣe ìpinnu lórí oyún.

Ibi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ Rapp gba àfikún nìyí. Nínú ìwé rẹ̀, obìnrin dé oríta, ó sì mọ̀ pé òun dé oríta, nítorí abẹ́rẹ́ gígùn wà lórí tábìlì. Lónìí, ọ̀pá ẹ̀jẹ̀ kan sí i ni, láàárín àwọn àyẹ̀wò yòókù. Obìnrin lè kọjá oríta náà láìmọ̀. Ìgbà tí fóònù bá dún ni yóò tó bojú wẹ̀yìn.

Jínótáìpù àti oyún tí a kò tíì kéde

Rapp ní kò sí àgbà tó mọ oríta yìí. Fún àwa Yorùbá, mo fara mọ́ ọn lápá kan. A mọ àyẹ̀wò tó jọ ọ́. Ta ni nínú wa tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé, "Kí ni jínótáìpù rẹ?" Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà kì í so yìgì láìrí ìwé jínótáìpù. AS àti AS, wọ́n á ní kí wọ́n tún èrò wọn pa. Láti àwọn ọdún 1990 ni Olu Akinyanju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò inú oyún fún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ní Èkó, ibi ọmọ ni wọ́n sì ń mú díẹ̀ lára rẹ̀.

Àṣà jínótáìpù yìí ló ń tan wá jẹ nínú ọ̀rọ̀ Down syndrome. Jínótáìpù kò mọ "bóyá": AA ni, AS ni, SS ni. Torí náà, bí a bá gbọ́ "àyẹ̀wò", ìdánilójú la máa ń retí. Ìkejì, inú ìdílé ni jínótáìpù ti ń wá, ẹbí á sì béèrè pé, "Ọ̀dọ̀ ta ló ti wá?" Nínú Down syndrome, ìbéèrè yẹn kò bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan bí 95 nínú 100 ló wá látinú bí sẹ́ẹ̀lì ṣe pín, kì í ṣe ohun tí bàbá tàbí ìyá ní lára. Díẹ̀ péré ló lè jẹ́ ti ìdílé. Ìkẹta, kí ìgbéyàwó tó wáyé ni jínótáìpù ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Àyẹ̀wò ti Bolingbrook dé nígbà tí oyún ti wà nínú.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò rí nínú ìwé náà. Obìnrin náà àti olùdámọ̀ràn ni Rapp fi sáàárín. Ọkọ wà níbẹ̀, ẹbí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ oyún kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá ọkọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ìyá ìyàwó ní, pásítọ̀ tàbí ààfáà ní. Síbẹ̀, Yorùbá kì í kéde oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A máa ń bò ó títí yóò fi yọ fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọ̀sẹ̀ 10. Ìgbà tí dókítà ń béèrè ìpinnu ni ìgbà tí àwọn tó yẹ kí wọ́n bá obìnrin pinnu kò tíì mọ̀ pé ó lóyún! Àǹtí mi kò tíì sọ fún ìyá ọkọ wọn nílé nígbà yẹn. Èmi nìkan ni wọ́n mú lọ. Ògbufọ̀ tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ ló jókòó sórí àga gbogbo ẹbí.

Ọmọ tó bá dé ńkọ́?

Rapp tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò láìsọ̀rọ̀ nípa ayé tí ọmọ náà ń bọ̀ wá bá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Ní 1983, ọdún tí Rapp lóyún, ẹni tó ní Down syndrome ní Amẹ́ríkà máa ń gbé nǹkan bí ọdún 25 láyé. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60. Iṣẹ́ abẹ ọkàn wà lára ohun tó fà á, nítorí pé nǹkan bí ìdajì wọn ni wọ́n bí pẹ̀lú àlébù ọkàn. Ọmọ tí olùdámọ̀ràn ń ṣàpèjúwe ní 1983 àti èyí tí a bí lónìí, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ iwájú wọn.

Òfin náà mọ èyí. Ní oṣù kẹwàá 2008, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tí Sẹ́nátọ̀ Kennedy àti Brownback gbé wá, pé kí ẹni tó bá gba irú àbájáde yìí rí ìsọfúnni tó péye, tó sì bá àkókò mu, gbà. Ọ̀kan jẹ́ Democrat, èkejì Republican. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìṣẹ́yún, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìsọfúnni. Illinois fi ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún sínú òfin ní 2019. Indiana tó múlé gbè wá ṣe òfin ní 2016 láti dènà ìṣẹ́yún nítorí Down syndrome, kóòtù sì dá a dúró nígbà náà. Ní Nàìjíríà, òfin kò gbà á àyàfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá lè rò pé torí ìṣẹ́yún nìkan ni wọ́n ṣe ń fi àyẹ̀wò lọ òun. Rapp fi hàn pé àwọn kan kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún àǹtí mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà.

Àwọn ará ilé wa kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni Down syndrome. Ní 1982, A. A. Adeyokunnu tẹ ìwádìí láti Ìbàdàn jáde nínú *Journal of Medical Genetics*: ọmọ 1 nínú 865 tí wọ́n bí láàyè ló ní in. Kò jìnnà sí ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 640 sí 700. Ó ti wà láàárín wa tipẹ́, orúkọ ni a kò fún un.

Kí ni à ń pè é? Èébú pọ̀, mi ò ní kọ wọ́n síbí. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan wà tó sàn jù, ìyẹn ni "ẹni òrìṣà". Ìtàn sọ pé Ọbàtálá tó ń mọ ènìyàn mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣìnà lórí àwọn kan. Látàrí èyí, wọ́n di tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn olùsìn rẹ̀ kì í sì í mu ẹmu. Ohun méjì ni mo rí nínú ìtàn yìí. Òrìṣà ló gba ẹ̀bi, wọn kò di í lé ìyá lórí, ó sì sàn ju ẹni tó ń béèrè pé kí ni ìyá rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó ṣì pe ọmọ náà ní àṣìṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn onísáyẹ́ǹsì inú ìwé Rapp náà pè é ní àṣìṣe, àṣìṣe nínú pípín sẹ́ẹ̀lì. Ìtàn àtijọ́ àti yàrá ìwádìí pàdé níbi kan náà.

Èdè lè yí padà o. Ní 1866, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ John Langdon Down fi orúkọ ẹ̀yà ènìyàn kan pe àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ òbí tí Kay McGee dá sílẹ̀ ní Chicago gbé ọ̀rọ̀ yẹn náà sórí orúkọ wọn, torí kò sí òmíràn. Wọ́n pa á tì lẹ́yìn náà, wọ́n sì di National Association for Down Syndrome. Ní 2003, Nancy Gianni ṣí GiGi's Playhouse àkọ́kọ́ ní Hoffman Estates, kò jìnnà sí wa, ó sì fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sọ ibẹ̀. Àwọn òbí ló tún èdè náà ṣe. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè tún tirẹ̀ ṣe, kí ló dé tí Yorùbá kò ní lè ṣe é?

Ìkádìí

Ìwé tó dára ni ìwé Rapp, mo sì gba ẹnikẹ́ni nínú yín níyànjú láti kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ fún òbí yín ní ilé ìwòsàn. Ó kọ́ mi pé kí n má ṣe dá obìnrin lẹ́jọ́, ó sì kọ́ mi pé nọ́ńbà kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó kù sí ni ẹnu ọ̀nà èdè wa, iṣẹ́ wa sì nìyẹn.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Ká máa pe irú kìíní ní àyẹ̀wò ìfura, ká sì máa pe irú kejì ní àyẹ̀wò ìdánilójú. Àwọn kan ní kíláàsì ní "ìfura" á tún dẹ́rù ba aboyún. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ìfura loògùn àgbà, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó fura kò tíì rí. "Screen positive" á wá di "ìfura wà, kò tíì dájú". Ní ti "risk", ẹ fi "ewu" sílẹ̀, ẹ ka àwọn aboyún: mélòó nínú mélòó ni yóò ní in, mélòó ni kò ní ní in, ẹ sì sọ apá méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí dókítà tún un sọ.

Ní ọdún tó kọjá, mo jókòó ti àǹtí mi, mo sì sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo bẹ̀rù ọmọ yẹn kí n tó bí i?" Mo ní mo mọ̀. Wọn kò bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo rí i tí wọ́n lọ bá ìyá ọmọkùnrin yẹn níbi tí wọ́n jókòó sí. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fúnra wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde.